Odò Tí Wọ́n Pàdánù, Ìgbìmọ̀ Tí Wọ́n Rí Gbà: Ìtàn Ìdásílẹ̀ Sámediggi

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1979, àwọn ọ̀dọ́ Sámi méje pàgọ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nọ́wè ní ìlú Oslo. Wọ́n ní àwọn kò ní fi oúnjẹ kan ẹnu títí ìjọba yóò fi dáwọ́ iṣẹ́ dáàmù orí odò Alta dúró. Lávvu ni àgọ́ tí wọ́n pa, irú èyí tí àwọn darandaran wọn máa ń gbé káàkiri orí yìnyín. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1989, Ọba Olav Karùn-ún ti Nọ́wè fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Karasjok, ìlú kékeré kan lókè àríwá pátápátá, láti ṣí ìgbìmọ̀ tí àwọn Sámi fi ìbò ara wọn yàn. Sámediggi ni orúkọ rẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, àwọn Sámi pàdánù ìjà odò náà. Wọ́n kọ́ dáàmù ọ̀hún tán, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe èrè ìṣẹ́gun. Ọwọ́ àwọn tí ìjọba borí ni ìjọba gbé e lé, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tí agbára rẹ̀ fi mọ níwọ̀n tó mọ, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn Sámi ni wọ́n ni ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sápmi, tó bẹ̀rẹ̀ láti àárín Nọ́wè àti Súwídìn, tó gba òkè Fínlándì kọjá, tó sì parí sí Kola ní Rọ́ṣíà. Lápá òkè ilẹ̀ náà, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wà nígbà òtútù tí oòrùn kì í yọ rárá. Nígbà tí ooru bá sì dé, kì í wọ̀. Àwọn tó ń sin reindeer, ẹran ẹlẹ́ka-ìwo tó jọ àgbọ̀nrín, ni ayé mọ̀ jù nínú wọn. Àwòrán wọn ló máa ń wà lára káàdì tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja àti àgbẹ̀ etí òkun ti pọ̀ ju darandaran lọ láàárín wọn láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn wọ̀nyí sì ni ìjọba kọ́kọ́ rí mú nígbà tó fẹ́ pa èdè wọn rẹ́. Èdè náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó ń sọ ti gúúsù kò lè gbọ́ ti àríwá tán.

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló pín wọn mọ́wọ́. Nígbà tí Nọ́wè, tó wà lábẹ́ Dẹ́ńmáàkì nígbà náà, àti Súwídìn fa ààlà sáàárín ara wọn ní 1751, wọ́n kọ àfikún kan mọ́ àdéhùn wọn pé kí àwọn Sámi máa da ẹran wọn kọjá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú àfikún náà dára, ó tilẹ̀ dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba kọ lọ́gọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di 1852, wọ́n ti ààlà Fínlándì, tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà, mọ́ àwọn darandaran Nọ́wè, pápá ìjẹko ìgbà òtútù wọn sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba mìíràn. Ará Kétu àti ará Ìmẹ̀kọ, tí Faransé gba ọ̀kan, tí Gẹ̀ẹ́sì gba èkejì, kò nílò àlàyé lórí èyí.

Lọ́dún 1852 yẹn kan náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kautokeino, ìlú Sámi kan ní Nọ́wè. Àwọn Sámi kan tí ìsọjí ìsìn ti wọ̀ lára, tí inú sì ń bí sí òwò ọtí tó ń ba ìlú jẹ́, dìde. Wọ́n pa oníṣòwò kan, wọ́n pa aṣojú ìjọba tó ń mójú tó òfin níbẹ̀, wọ́n na àlùfáà. Ní 1854 ìjọba bẹ́ orí Aslak Hætta àti Mons Somby. Wọ́n kó agbárí wọn lọ sí yunifásítì, nítorí àkókò yẹn ni àwọn onímọ̀ kan ń wọn orí ènìyàn kiri láti fi ṣàlàyé ẹ̀yà tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀. Ọdún 1997 ni ẹbí wọn tó rí agbárí méjèèjì gbà padà, tí wọ́n sì sin wọ́n. Kí òǹkàwé fi orúkọ Somby sọ́kàn, nítorí yóò tún jáde.

Kí ìjọba tó dojú kọ èdè, ìlù ni àwọn oníwàásù kọ́kọ́ dojú kọ. Àwọn noaidi, adáhunṣe wọn, máa ń lo ìlù tí wọ́n ya àwòrán oòrùn, ẹran àti òrìṣà sí ojú awọ rẹ̀. Ní 1692 wọ́n gbé àgbàlagbà kan, Anders Poulsen, lọ sí ilé ẹjọ́ ní Vadsø lórí ẹ̀sùn àjẹ́ nítorí pé ó ní irú ìlù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó lù ú níwájú adájọ́. Ó lù ú, ó sì ṣàlàyé àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ìdájọ́ tó jáde, ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ kò pé pa á ní àtìmọ́lé. Ìlù náà bọ́ sínú ìṣúra ọba ní Copenhagen, àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ sì kọ àlàyé Poulsen sílẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú débi pé a mọ̀ nípa ìlù yìí ju èyíkéyìí mìíràn lọ. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022 ni ó tó padà di ohun ìní àwọn Sámi, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Karasjok.

Ìpinnu láti sọ Sámi di ará Nọ́wè ní tipátipá gbóná ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àṣẹ tí wọ́n fún àwọn olùkọ́ ní 1898 ni pé Sámi kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè ìkọ́ni mọ́, bí kò ṣe níbi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ní 1902 ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀: ẹni tí kò bá lè sọ èdè Nọ́wè, kó kà á, kó sì kọ ọ́, kò ní rí ilẹ̀ ìjọba rà ní Finnmark, ìpínlẹ̀ tó wà lókè àríwá Nọ́wè. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọdé yóò máa sùn sí, kí wọ́n má baà gbọ́ èdè ìyá wọn lálẹ́. Joik, orin tí Sámi fi ń pe ènìyàn tàbí ẹran tàbí òkè wá sí ìrántí, di ohun èèwọ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Nọ́wè ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ Súwídìn ní 1905, ó ń wá ara rẹ̀, ó sì ń wá a lórí ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn. Irú ìfẹ́ orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ kì í gba ẹ̀yà méjì.

Àwọn kan kò dákẹ́. Isak Saba, olùkọ́ kan láti etí òkun, di Sámi àkọ́kọ́ tó wọ ilé aṣòfin Nọ́wè ní 1906. Lọ́dún yẹn náà ni ìwé ìròyìn Sagai Muittalægje tẹ orin tí ó kọ, èyí tó di orin àjùmọ̀kọ gbogbo Sámi lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún. Obìnrin kan wà tí mo kà sí àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju Saba lọ. Elsa Laula, tí wọ́n bí ní 1877, kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó kọ ìwé pélébé kan ní 1904 lórí ìyà tí ìjọba Súwídìn fi ń jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ nípa ilẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ́kọ, tó sì kọjá sí Nọ́wè, ó kó àwọn obìnrin Sámi jọ, wọ́n sì pe àpérò kan ní Trondheim. Ní ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé ọdún 1917, àwọn Sámi tó lé ní ọgọ́rùn-ún, láti ìhà méjèèjì ààlà, jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pàdé kọjá ààlà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan ṣoṣo láti jíròrò ọ̀rọ̀ ara wọn. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lónìí ní orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Laula kú ní 1931, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á, nígbà tí ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ti ń kú lọ.

Ogun àgbáyé kejì ló tún parí iṣẹ́ fún ìjọba. Ní 1944, bí ológun Jámánì ti ń sá sẹ́yìn, wọ́n jó Finnmark láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ilé, ọkọ̀ ojú omi, aṣọ gákti tí wọ́n ń jogún, gbogbo rẹ̀ lọ. Ilé tí ìjọba kọ́ padà, ilé Nọ́wè ni. Ọ̀pọ̀ ará etí òkun tó wọ inú rẹ̀ fi Sámi sílẹ̀ sínú eérú. Wọ́n ń bá àwọn ọmọ wọn sọ èdè Nọ́wè tí àwọn fúnra wọn kò gbọ́ dáadáa. Ìtìjú kọjá òfin nínú iṣẹ́ yìí, nítorí òfin ṣeé yí padà.

Ìsọjí bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àpérò kan wáyé ní Jokkmokk, Súwídìn, ní 1953. Láti inú rẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ Sámi ti gbogbo Nọ́díìkì ti jáde ní 1956, ní Karasjok. Ìjọba Nọ́wè yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kan fúnra rẹ̀ ní 1964: ìjọba ló ń yan àwọn tí yóò máa gba òun nímọ̀ràn. Ní 1968 ẹgbẹ́ NSR dé, tí àwọn Sámi dá sílẹ̀ fúnra wọn. Fínlándì ló kọ́kọ́ gbà kí Sámi dìbò yan aṣojú, ní 1973, ṣùgbọ́n ilé náà kéré, ariwo rẹ̀ kò sì jìnnà.

Odò ló wá gbé ariwo dé.

Alta-Kautokeino ni odò náà ń jẹ́. Orí ilẹ̀ òkè Finnmark ló ti ń ṣàn bọ̀, ó la àfonífojì tóóró kan tó jìn gan-an kọjá, ó sì já sí òkun ní Alta. Ẹja salmon inú rẹ̀ gbajúmọ̀ débi pé àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá fi ìwọ̀ dẹ̀ ẹ́ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ètò jáde pé kí wọ́n sé odò náà láti fi ṣe iná mànàmáná. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ètò àkọ́kọ́ yẹn, abúlé Máze ì bá ti wà lábẹ́ omi, abúlé kan tó jẹ́ pé Sámi ni tọmọdé tàgbà ń sọ níbẹ̀. Ará Máze fẹ̀hónú hàn ní 1970. Ní 1973 ìjọba yọ abúlé náà kúrò nínú ètò. Ohun tó ṣẹ́ kù ni dáàmù tó kéré díẹ̀, àmọ́ tí yóò dí ojú ọ̀nà tí reindeer ń gbà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bímọ, tí yóò sì fìyà jẹ ẹja. Ilé aṣòfin fọwọ́ sí i ní 1978.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìjà yìí kì í ṣe ti Sámi nìkan níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Alta tó fẹ́ràn ẹja wọn àti àwọn ọmọ Nọ́wè tó ń jà fún àyíká ló dá ẹgbẹ́ ìfẹ̀hónúhàn sílẹ̀ lọ́dún 1978 yẹn. Nígbà ooru 1979, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn pàgọ́ sí ibì kan tó ń jẹ́ Stilla, wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ tó fẹ́ la ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹja, òdòdó àti àfonífojì ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Àwọn ọ̀dọ́ Sámi ló yí ìbéèrè náà padà nígbà tí wọ́n gbé lávvu lọ sí Oslo. Wọn kò béèrè bóyá dáàmù dára tàbí kò dára. Wọ́n béèrè pé ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ lé, ta sì ni wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè náà bá Nọ́wè níbi tó ti ń dùn ún. Orílẹ̀-èdè yìí ló ń fi owó ran àwọn ajìjàgbara gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́ nígbà náà, tó sì ń bá ayé sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àwọn oníròyìn láti òkèèrè wá wo àwọn ọ̀dọ́ tó wọ gákti tí ebi ń pa níwájú ilé aṣòfin, wọ́n sì ya àwòrán wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba Odvar Nordli kéde pé iṣẹ́ yóò dúró ná.

Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1981, nínú òtútù tó lè pa ènìyàn, ọlọ́pàá 600 dé sí Stilla, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọlọ́pàá Nọ́wè. Àwọn afẹ̀hónúhàn ti fi ṣẹ́ẹ̀nì so ara wọn mọ́ra. Ọlọ́pàá gé ṣẹ́ẹ̀nì, wọ́n gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé wọn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Gro Harlem Brundtland di olórí ìjọba, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Nọ́wè. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló lò kí àwọn obìnrin Sámi mẹ́rìnlá tó wá bá a ní ọ́fíìsì. Ó gbọ́ tiwọn, ó dìde, ó jáde. Àwọn kò jáde. Ọlọ́pàá ló wá kó wọn kúrò níbẹ̀.

Ní 1982, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá ìjọba láre. Lọ́dún yẹn náà ni Niillas Somby, ọ̀kan nínú àwọn méje tó febi panu ní Oslo, àti ẹnì kan pẹ̀lú rẹ̀, gbìyànjú láti fi bọ́ǹbù ba afárá kan jẹ́ lójú ọ̀nà tó lọ sí ibi iṣẹ́ náà. Bọ́ǹbù bú mọ́ ọn lọ́wọ́: ó pàdánù apá kan àti ojú kan. Kí ẹjọ́ tó parí, ó sá lọ sí Kánádà, àwọn ọmọ onílẹ̀ Nuxalk níbẹ̀ sì gbà á tọ́ bí ọmọ. Ìbátan Mons Somby tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1854 ni. Òun náà ló wà nídìí gbígba agbárí baba ńlá yẹn padà ní 1997. Dáàmù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Ní 1990, Brundtland fúnra rẹ̀ gbà pé kò sí ìdí tí wọ́n fi níláti kọ́ ọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ẹran tó dí, ó ti dí.

Síbẹ̀, nígbà tí ìjà ń gbóná lọ́wọ́ ní 1980, ìjọba ti yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ẹ̀tọ́ àwọn Sámi, ó sì fi ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan, Carsten Smith, ṣe olórí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ìjọba rò pé ìgbìmọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ tó gbóná ti máa ń tutù. Smith kò jẹ́ kó tutù. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1984, ó mú abala 27 nínú àdéhùn àgbáyé ti 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú, tí Nọ́wè ti fọwọ́ sí, ó sì ṣàlàyé pé àṣà tí abala náà ní kí ìjọba dáàbò bò kì í ṣe orin àti aṣọ nìkan. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun, àti ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà nílò, wà lára rẹ̀. Àlàyé yìí ni mo kà sí òpó ilé gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Ṣáájú rẹ̀, ìjọba lè máa wo Sámi bí àwọn olórin tó ń wọ aṣọ aláràbarà.

Òfin Sámi jáde ní 1987. Ní 1988 wọ́n fi abala tuntun kún òfin ìpìlẹ̀ Nọ́wè: iṣẹ́ ìjọba ni láti rí i pé àwọn Sámi lè pa èdè, àṣà àti ìgbé ayé wọn mọ́. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1989 ni ìbò àkọ́kọ́ wáyé, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ìbò ilé aṣòfin Nọ́wè, bó ṣe rí títí di ìsinsìnyí, ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Aṣojú 39 ni wọ́n yàn, mẹ́ta láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́tàlá. Wọ́n fi Ole Henrik Magga, onímọ̀ èdè láti Kautokeino tó ti jẹ́ olórí NSR, ṣe ààrẹ.

Ta ló lè dìbò? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ti le jù. Nọ́wè kò ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo Sámi sí, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn ohun tí Jámánì fi àkọsílẹ̀ ẹ̀yà ṣe, kò sẹ́ni tó fẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ dìbò wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Sámi ni òun, kó sì jẹ́ pé òun, tàbí òbí rẹ̀, tàbí òbí òbí rẹ̀, tàbí ìran tó ṣáájú wọn, fi Sámi ṣe èdè ilé. Ó rọrùn láti kọ sínú òfin. Fún ẹni tí ìyá rẹ̀ lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti fi í pamọ́, kò rọrùn láti lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní 1989 lé díẹ̀ ní 5,500. Nígbà tó fi di 2021, wọ́n ti lé ní 20,000. Kì í ṣe pé àwọn Sámi ń bímọ tó bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ló ń dín kù.

Gbogbo Sámi kọ́ ló fẹ́ ilé yìí. Láti 1979 ni ẹgbẹ́ kan, SLF, ti ń sọ pé àwọn Sámi kò nílò ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀, pé ọmọ Nọ́wè rere ni àwọn, pé àwọn afẹ̀hónúhàn Alta ń ba orúkọ àwọn jẹ́. Ohùn yẹn kò kú. Ó ti wọ inú Sámediggi fúnra rẹ̀: ní ìbò 2021, Nordkalottfolket, ẹgbẹ́ tó ń ta ko ọ̀pọ̀ ìlànà NSR, ló ṣe ipò kejì. Àwọn kan rí èyí bí àìlera. Lójú tèmi, ìgbà tí àwọn tó ń bínú sí ilé bá wọlé wá jà nínú rẹ̀ ni ilé náà tó di ilé.

Agbára ilé náà ńkọ́? Kì í ṣòfin. Kì í gba owó orí. Owó tó ń ná, láti ilé aṣòfin Oslo ló ti ń wá. Iṣẹ́ èdè, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti àṣà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Nọ́wè ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn 169 ti àjọ ILO lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, ní 1990. Ní 1997, Ọba Harald Karùn-ún dúró níwájú Sámediggi, ó tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọba Nọ́wè ṣe, ó sì sọ pé orí ilẹ̀ ẹ̀yà méjì, ará Nọ́wè àti Sámi, ni wọ́n fìdí orílẹ̀-èdè náà lé. Ọba ló tún ṣí ilé tí wọ́n ń lò báyìí, ní 2000: ilé onígi tí wọ́n kọ́ yí po bí ìdajì òṣùpá, tí gbọ̀ngàn ìpàdé rẹ̀ ga ṣóńṣó bíi lávvu.

Ọdún 2005 ni mo kà sí ọdún tí ilé náà dàgbà. Ìjọba ti gbé àbá òfin ilẹ̀ Finnmark kalẹ̀ ní 2003 láìjókòó bá Sámediggi dáadáa, ariwo sì sọ. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ilé aṣòfin wá jókòó tààrà pẹ̀lú Sámediggi, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n tún òfin náà kọ. Nǹkan bí ìdá márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Finnmark kúrò lọ́wọ́ ìjọba, ó bọ́ sọ́wọ́ àjọ kan tí Sámediggi ń yan mẹ́ta nínú mẹ́fà àwọn olùdarí rẹ̀, tí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń yan mẹ́ta. Lọ́dún yẹn ni wọ́n tún fọwọ́ sí ìlànà pé ìjọba gbọ́dọ̀ bá Sámediggi fikùn lukùn lórí ohunkóhun tó bá kan Sámi. Lọ́dún yẹn náà ni obìnrin àkọ́kọ́, Aili Keskitalo, di ààrẹ rẹ̀.

Nípa ti àwọn aládùúgbò, ọ̀rọ̀ kò gùn. Súwídìn ṣí tirẹ̀ ní Kiruna ní 1993, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di ilé ìgbìmọ̀ àti ọ́fíìsì ìjọba lẹ́ẹ̀kan náà, ipò tó nira. Ní Fínlándì, tí òfin tuntun sọ ilé rẹ̀ jí ní 1996, ìjà tó gbóná ni ti ẹni tó yẹ kó wà nínú ìwé olùdìbò. Ní 2015 ilé ẹjọ́ ìjọba fi orúkọ àwọn 93 kún un lòdì sí ìfẹ́ ìgbìmọ̀ náà. Ní 2019 ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé èyí tẹ ẹ̀tọ́ àwọn Sámi lójú. Ní Rọ́ṣíà, ìjọba kò mọ ìgbìmọ̀ tí àwọn Sámi Kola dá sílẹ̀ ní 2010 sí nǹkan kan, ogun Ukraine sì ti tún gé wọn kúrò lára àwọn ará yòókù láti 2022.

Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni àsíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Åre ní 1986. Astrid Båhl ló ya á. Òbìrí àárín rẹ̀, ìdajì oòrùn àti ìdajì òṣùpá, láti ojú awọ ìlù noaidi ló ti mú un.

Ìdánwò tó le jù fún ìlànà ìfikùnlukùn dé láti Fosen, ní àárín Nọ́wè. Wọ́n gbin ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 151 sí pápá ìjẹko ìgbà òtútù àwọn darandaran Sámi níbẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ṣe iná kí ẹjọ́ tó parí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, adájọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fohùn ṣọ̀kan pé ìwé àṣẹ náà kò bófin mu. Abala 27 tí Carsten Smith gbé jáde ní 1984 ni wọ́n dúró lé. Ilé ẹjọ́ kan náà tó dá ìjọba láre lórí Alta ló dá a lẹ́bi báyìí. Ẹ̀rọ kò dúró. Lẹ́yìn 500 ọjọ́, ní oṣù Èrèlé ọdún 2023, àwọn ọ̀dọ́ Sámi lọ jókòó sínú ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó epo àti iná, ọlọ́pàá sì kó wọn jáde lóru. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ìjọba tọrọ àforíjì.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023, àwọn darandaran gúúsù Fosen bá ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí àdéhùn. Àwọn ti àríwá tẹ̀ lé e ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024. Àdéhùn ti gúúsù fún wọn ní owó gbà-má-bínú àti ilẹ̀ ìjẹko mìíràn, ó sì sọ pé bí ọdún ìwé àṣẹ bá pé, kò sẹ́ni tó lè fi ọjọ́ kún un bí wọn kò bá fọwọ́ sí i. Sámediggi kọ́ ló buwọ́ lu ìwé yẹn. Òfin 1987 kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá, òfin kankan kò sì tíì fún un títí di òní. Àwọn ìdílé díẹ̀ tó ń sin ẹran ní Fosen ló ni ín, lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, nínú ìwé tí àwọn àti ilé iṣẹ́ kan jọ fọwọ́ sí.